Kílíníìkì tí mo ti ń gba oògùn HIV: ìràwọ̀ 4 nínú 5

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ èsì àyẹ̀wò yín tẹ́ ẹ wá ń wá ibi tẹ́ ẹ ti máa gba oògùn, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà lórí oògùn, kílíníìkì méjì ni mo sì ti lò, mi ò ní dárúkọ ìkankan. Oògùn kan náà ni wọ́n ń fún wa níbi méjèèjì o, dolutegravir àti méjì mí ì tí wọ́n pò pọ̀ sínú hóró kan, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ó parí. Bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn ni ò jọra.

Ti àkọ́kọ́ yẹn, gbogbo fáìlì ọsibítù funfun, tiwa nìkan ni wọ́n lẹ àmì pupa mọ́ létí. Bẹ́ǹṣì tiwa náà wà lọ́tọ̀, lẹ́nu ilẹ̀kùn kan tí gbogbo ayé mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ẹ̀, ẹni tó bá sì ń lọ síbi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ gba iwájú wa kọjá, èèyàn á kàn dorí kodò sínú fóònù bíi pé ìdánwò ló ń kà fún. Ọjọ́ kan ni nọ́ọ̀sì kan bá na fáìlì mi sókè, ó lọgun pé "ta ló ni eléyìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá gba oògùn HIV, ṣé ẹ ò gbọ́ ni!" Ariwo yẹn ò pé ìṣẹ́jú kan, oṣù mẹ́rin gbáko ni mi ò fi débẹ̀ mọ́. Oògùn tán nílé, mi ò lọ gbà á. Oògùn ò ṣe mí ní nǹkan kan o, ojú ló ń tì mí. Ìgbà tí wọ́n máa fi yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kòkòrò yẹn ti pọ̀ padà bíi pé mi ò lo nǹkan kan rí.

Ibi tí mo wà báyìí ni mò ń fún ní ìràwọ̀. Àwa, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ibì kan náà ni gbogbo wa jókòó sí, nọ́ńbà ni wọ́n ń pè, wọn kì í pe orúkọ, fáìlì ò sì ní àmì kankan. Tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ yín bá ti wálẹ̀ dáadáa, oògùn oṣù mẹ́fà ni wọ́n máa dì fún yín lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ti dín wàhálà kù gan-an.

Àmọ́ àǹtí tó ń gbani nímọ̀ràn níbẹ̀ gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ gbogbo èyí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, kò béèrè oògùn lọ́wọ́ mi, ó ní "ṣé ẹ ń sùn?" Omi bọ́ lójú mi, mi ò lè parọ́. Mo sọ fún un pé òwú ni mò ń kì sínú ike oògùn kó má baà dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú báàgì, mo sì ti ha gbogbo ìwé ara ẹ̀ kúrò. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Àṣé òun náà ní in!

Ó wá béèrè ta ló ní kí n ya ife mi sọ́tọ̀ nílé. Kò sẹ́ni tó ní kí n yà á. Èmi ni mò ń dá a fọ̀, tí mò ń gbé e sẹ́yìn àwọn yòókù, mo sì mọ̀ dáadáa pé HIV ò gba ara ife ranni. Dókítà wọn ti ṣàlàyé ìwádìí PARTNER fún mi tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016, olólùfẹ́ méjì-méjì 888, ọ̀kan ní kòkòrò yẹn, ìkejì ò ní in, wọn ò lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù, àmọ́ nígbà tí kòkòrò ara ẹni tó ń lo oògùn ò ti tó 200 mọ́ nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kó o lára olólùfẹ́ ẹ̀. Orí mi gbà á lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ mi ṣì ń ya ife sọ́tọ̀.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ ńkọ́? Àǹtí yìí nìkan ló wà, tó bá gba ìsinmi, ẹ máa gbé ọ̀rọ̀ yín padà sílé ni. Ìpàdé àwa tá a jọ ń lo oògùn, aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́rú ni wọ́n fi sí, ta ni wọ́n rò pé kò ń ṣiṣẹ́? Gíláàsì tó wà níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn náà nípọn débi pé ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo kí wọ́n tó gbọ́, bẹ́ẹ̀ èèyàn wà lẹ́yìn yín. Àti tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń ránni létí, àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ kọ HIV gàdàgbà sínú ẹ̀, àbúrò mi ló sì di fóònù mú, ọpẹ́lọpẹ́ pé géèmù ló gbájú mọ́. Mo lọ bá wọn jà, wọ́n ti yí i padà o, "ẹ má gbàgbé àdéhùn yín lọ́la" nìkan ló ń wọlé báyìí.

Ife mi ti wà láàárín àwọn yòókù láti bí oṣù mélòó kan. Òwú ṣì wà nínú ike oògùn ṣá, ìyẹn ò tíì kúrò.