Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra WC l'Abuja: wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ táǹkì tó ti sán

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń kọ́lé tàbí tẹ́ ẹ ń tún ilé ṣe ní Kubwa, Lugbe, Karu àti Mararaba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó lọ ra WC. Ṣọ́ọ̀bù kan ní ọjà ohun ìkọ́lé Dei-Dei ta táǹkì tó ti sán fún mi. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí ojú ibi tó sán, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún, wọ́n dá a padà sínú páálí, wọ́n sì fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹnu rẹ̀ pa. ₦85,000 ni mo san.

Owó yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá mi tò ó ni mo kọ́kọ́ bínú sí. Ọjọ́ kejì tó parí iṣẹ́, omi ti wà nílẹ̀ lẹ́yìn WC. Ó wá, ó pààrọ̀ rọ́bà àárín táǹkì àti àwo ìjókòó. Ilẹ̀ gbẹ títí di alẹ́. Nígbà tó di àárọ̀, omi tún ti dé. Ó pààrọ̀ wọ́ṣà ìdí bóòtù méjèèjì, ó pààrọ̀ họ́ọ̀sì tó ń gbé omi wọlé. Pàbó ni. Mo pariwo lé e lórí pé kò mọṣẹ́, mo sì di owó iṣẹ́ rẹ̀ mú. Omi mẹ́ruwà là ń rà ládùúgbò wa, ó sì ń dùn mí bó ṣe ń ṣòfò.

Ìyàwó mi ló ní ká fi sóbò wò ó. Ó sè é láìfi ṣúgà sí i, ó sẹ́ ẹ, a dà á sínú táǹkì, a fi tíṣù gbígbẹ yí ìdí rẹ̀ ká, a ní kẹ́nikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Bí omi inú àwo bá pọ́n láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́, rọ́bà tó dé ojú ihò ìsàlẹ̀ táǹkì ni kò pa dé. Bí tíṣù ìdí bóòtù ló bá pọ́n, wọ́ṣà ni. Bí tíṣù bá tutù ṣùgbọ́n tí kò pọ́n, ẹ lọ wo họ́ọ̀sì. Bó bá sì jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nìkan nilẹ̀ ń tutù, rọ́bà àárín táǹkì àti àwo, tàbí ibi tí àwo ti wọnú páìpù ìgbẹ́, ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò.

Tiwa yàtọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun yọ lẹ́yìn táǹkì, láti igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó gòkè tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Mo fi èékánná ha á, ọ̀dà ṣí, gọ́ọ̀mù gbígbẹ hàn.

Mo gbé e padà. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní púlọ́ńbà mi ló di bóòtù le jù. Lóòótọ́, bóòtù tó bá le jù lè mú tánganran sán, ṣùgbọ́n ìdí ihò bóòtù nirú ìyẹn ti sábà ń bẹ̀rẹ̀, tiwa sì jìnnà síbẹ̀. Ta ló wá fi gọ́ọ̀mù sínú ẹ̀? Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín o. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, àjọ FCCPC tó ń bójú tó o sì wà l'Abuja níbí. Mo ti kọ ẹ̀sùn sí wọn, pẹ̀lú rìsíìtì àti fọ́tò ìlà pupa náà.

Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí mo ra táǹkì tuntun lọ́wọ́ ẹ̀ nínú ọjà kan náà. Fúnra rẹ̀ ló tú páálí lójú mi, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi oríkèé ìka kàn án káàkiri, bí àwọn ìyá wa ṣe ń kan ìkòkò kí wọ́n tó rà á: èyí tó pé á dún bí agogo, ohùn èyí tó sán á kú. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́, pàápàá ẹ̀yìn àti igun ìsàlẹ̀. Ibi tí wọ́n bá kùn kò ní dán bí ìyókù. Bí ẹ bá rí sẹ́lótéèpù méjì lórí ara wọn lẹ́nu páálí, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ti ṣí i rí.

Mo ti san owó ọmọ náà pé, mo sì bẹ̀ ẹ́. Òun náà ló wá to èyí tuntun lọ́jọ́ Sátidé. Tíṣù tí mo tẹ́ sídìí ẹ̀ ṣì gbẹ.