Àgbéyẹ̀wò minor Broadcasting àti Film Production tí mo ṣe ní Amẹ́ríkà

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo fì sí. Bí ẹ bá ń lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ti ní major (ẹ̀kọ́ gbòógì tí ẹ máa fi gboyè) tó lè bọ́ yín, tí ọkàn yín sì ń fà sí kámẹ́rà tàbí rédíò, ẹ gba minor (ẹ̀kọ́ kékeré tí wọ́n ń ṣe mọ́ major) Broadcasting àti Film Production, ìyẹn iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú fíìmù ṣíṣe, owó yín kò ní ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rò pé òun nìkan ni yóò wáṣẹ́ fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò. Accounting ni major mi ní yunifásítì ìjọba kan ní ìhà Midwest. Àwọn àbúrò tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń bi mí léèrè nípa minor yìí ṣáá, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ gbogbo rẹ̀ síbi kan.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, nǹkan bíi kírẹ́dítì 120, ohun tí à ń pè ní yúnìtì nílé, lèèyàn máa kó jọ kó tó gboyè. Minor máa ń gba 15 sí 21 nínú rẹ̀. Tèmi jẹ́ 18: kọ́ọ̀sì mẹ́fà, kírẹ́dítì mẹ́ta mẹ́ta. Inú àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì tó bá wu akẹ́kọ̀ọ́ ni mo kó wọn sí, kò sì fi sáà kankan kún iye tí mo lò níléèwé. Ẹ tètè lọ bá advisor yín, ẹni tó ń gbà yín nímọ̀ràn lórí kọ́ọ̀sì, ó pẹ́ tán ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kejì, torí ńṣe ni àwọn kọ́ọ̀sì náà so kọ́ra. Ẹni tí kò bá ṣe ti ìpìlẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó wọ ti kámẹ́rà, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ ọ.

Kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ìwé kíkà ló pọ̀ níbẹ̀: bí KDKA, iléeṣẹ́ rédíò kan, ṣe ka èsì ìbò ààrẹ sórí afẹ́fẹ́ ní Pittsburgh lọ́dún 1920, bí ìjọba ṣe dá FCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò orí afẹ́fẹ́, sílẹ̀ lọ́dún 1934, ohun tí òfin gbà kí ẹnu sọ lórí rédíò àti ohun tí kò gbà. Ó wúlò, kò sí àní-àní. Ẹni tó máa sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ mọ òfin rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé a ka ìtàn tẹlifíṣọ̀n tán pátápátá, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ Ìbàdàn. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira rárá. Orí rẹ̀ ni mo kọ iṣẹ́ àṣeparí kọ́ọ̀sì náà lé, olùkọ́ wa sì fi inú dídùn gbà á. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú àkọlé tó wù yín, ẹ mú ti ilé.

Kọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ràn jù, tí mo sì gbà pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe fíìmù Yorùbá ṣe, ni ti ohùn. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, olùkọ́ náà kò jẹ́ ká fọwọ́ kan kámẹ́rà. Máìkì àti hẹ́ẹ̀dífóònù nìkan ni. A kọ́ bí wọ́n ṣe ń so máìkì mọ́ ọ̀pá gígùn kó lè súnmọ́ ẹnu òṣèré láìhàn nínú àwòrán, bí wọ́n ṣe ń fi máìkì kékeré pamọ́ sábẹ́ aṣọ tí aṣọ ò fi ní máa ha á, àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu yẹ kó máa rìn ní àyíká -12 dB lórí òṣùwọ̀n ohùn kó má baà fọ́. Bí a bá parí ìran kan, gbogbo wa á dákẹ́ lọ gbári fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ká lè gba ìró yàrá náà fúnra rẹ̀, èyí tí a ó fi dí àlàfo nígbà tí a bá ń ẹ́dítì. Nílé onílé, a gbọ́dọ̀ pa fíríìjì, torí ìró rẹ̀ ń wọ máìkì. Olùkọ́ wa ní kí ẹni tó bá pa á ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ sínú fíríìjì yẹn. Bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, kò lè wakọ̀ lọ sílé láìkọ́kọ́ ṣí i, yóò sì rántí tan án kí oúnjẹ onílé má baà bàjẹ́.

Èdè tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà bíi tiwa kò lè fara da máìkì tó jìnnà, tí jẹnẹrétọ̀ tún ń dún lẹ́yìn ilé. Mo ti wo fíìmù wa tí àwòrán rẹ̀ mọ́ rekete, síbẹ̀ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni mo ń kà kí n tó mọ ohun tí ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ mi ń sọ. Ó máa ń dùn mí, torí kò gba owó rẹpẹtẹ láti tún un ṣe.

Ti iná ní àbùkù tirẹ̀. Gbogbo àpẹẹrẹ tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá, òyìnbó ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe òní ni èyí ti bẹ̀rẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún, fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun, èyí tí wọ́n ń pè ní Shirley card, ni àwọn tó ń fọ fọ́tò Kodak fi ń díwọ̀n àwọ̀. Ìgbà tí olùkọ́ mìíràn gba kíláàsì náà ni a tó kọ́ pé iná tó le kan kìí ṣe ohun tí awọ dúdú ń fẹ́. Iná tó fẹ̀, tó rọ̀, tó gba ẹ̀gbẹ́ wá ló máa ń jẹ́ kí awọ wa tàn bó ṣe yẹ, tí aṣọ funfun kò sì ní fọ́ mọ́ni lójú. Nǹkan kan tún wà tí wọn ò sọ fún wa: iná mànàmáná Amẹ́ríkà jẹ́ 60 Hz (ìyẹn iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ti Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà tí shutter rẹ̀ (ohun tó ń ṣí, tó sì ń pa láti gba ìmọ́lẹ̀) wà ní 1/60 ìṣẹ́jú àáyá wálé, tí ẹ yàwòrán lábẹ́ fuloréṣẹ́ǹtì tàbí àwọn LED kan, ìlà á máa sáré lójú àwòrán yín. Ẹ yí shutter sí 1/50 tàbí 1/100, kí ẹ sì fi kámẹ́rà sí 25 fíréèmù ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Láàárín apá méjèèjì, broadcasting ló ṣe mí láǹfààní jù. Nínú sitúdíò, kámẹ́rà mẹ́ta, ẹni kan nídìí switcher (ẹ̀rọ tó ń yan kámẹ́rà tó máa hàn), ẹni kan nídìí ohùn, ẹni kan nídìí teleprompter (ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ síwájú olóòtú kó lè kà á), floor manager, ẹni tó ń darí inú sitúdíò, níwájú olóòtú. Floor manager á ka 5, 4, 3 síta, á fi ìka nìkan ka 2 àti 1, ó ti di orí afẹ́fẹ́ nìyẹn. Kò sí pé ẹ jẹ́ ká tún un yà. Bí ìròyìn kan bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó ń darí gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò yọ kúrò kí àkókò tó pé, ẹnu rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbọ̀n. Ẹni tó bá ti ṣe èyí fún sáà kan, ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù kò ní dẹ́rù bà á. Túndé Kèlání tó ń darí fíìmù Yorùbá náà, iṣẹ́ kámẹ́rà ní WNTV ló kọ́kọ́ ṣe kó tó lọ kọ́ fíìmù ní London.

Fíìmù ìṣẹ́jú márùn-ún ni a fi parí minor náà, Yorùbá ni mo fi ṣe tèmi. Nínú ìran kan, ọmọkùnrin kan wọlé wá bẹ bàbá rẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà tó wà nídìí kámẹ́rà fi àwòrán sí orí dé àyà, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Bí òṣèré náà ṣe dọ̀bálẹ̀ báyìí, ó pòórá, ògiri nìkan ló kù nínú àwòrán. A fa kámẹ́rà sẹ́yìn, a sọ ọ́ kalẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún, bàbá wà lókè lórí àga, ẹ̀yìn ọmọ tẹ́ pẹrẹsẹ nílẹ̀. Àwòrán yẹn ni gbogbo kíláàsì sọ̀rọ̀ lé lórí. Nígbà tó di ẹ́dítì, ẹni tó ń bá mi ṣe é ń gé gbólóhùn láàárín, torí ó rò pé ibi tí òṣèré ti mí ni ọ̀rọ̀ parí sí. Mo jókòó tì í títí a fi tò ó tán. Bí ẹ bá fẹ́ fi èdè wa ṣe tiyín, ẹ wá àyè fún irú èyí.

Ohun tí mo bínú sí jù ni yàrá irinṣẹ́. Àwọn tí film jẹ́ major wọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn, bí òpin ọ̀sẹ̀ bá sì ti ń súnmọ́, kámẹ́rà tó dára ti tán kó tó kan àwa oní-minor. Owó lábù tí a san kò yàtọ̀ sí tiwọn. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹ sì fi owó SD card, hẹ́ẹ̀dífóònù gidi àti hard drive kún ìṣirò yín, torí iléèwé kì í sábà fúnni ní ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa: iṣẹ́ OPT (iṣẹ́ tí òfin gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ṣe láti fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ dánra wò) tí ẹ máa ṣe gbọ́dọ̀ jẹ mọ́ major yín tààrà. Minor kò tó o. Ilé iṣẹ́ fíìmù lè fẹ́ràn yín bí ojú, kó má ṣeé ṣe. Èmi ráyè wọlé nítorí pé ìwé owó ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fídíò ni wọ́n gbà mí láti máa tọ́jú, ìyẹn Accounting pọ́ńbélé, mo sì ń bá wọn dé ibi tí wọ́n ti ń yàwòrán. Nígbà tí mo wà níléèwé, iṣẹ́ inú ọgbà náà wà, òfin sì fàyè gba wákàtí 20 lọ́sẹ̀ bí sáà bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀ka fídíò iléèwé yín ń gba èèyàn. Ẹni tó jẹ́ pé fíìmù gan-an ló fẹ́ fi jẹun, kó fi ṣe major, tàbí kó wo National Film Institute àti kọ́lẹ́ẹ̀jì NTA, Jos ni méjèèjì wà, owó wọn kò sì sún mọ́ ti Amẹ́ríkà rárá.

Kí ẹ tó gboyè, ẹ kó gbogbo iṣẹ́ yín sórí hard drive tiyín. Bí ẹ bá ti jáde, iléèwé lè ti Adobe, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ẹ́dítì, tí wọ́n fún yín pa. Ẹ tètè kọ́ DaVinci Resolve, ètò ẹ́dítì mìíràn, mọ́ ọn. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú rẹ̀ tó ṣe fíìmù kúkúrú, òun ni mo ṣì ń lò.