Ìrìn àjò akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo elephant seal ní Año Nuevo: afinimọ̀nà ṣe é ire, oníbọ́ọ̀sì ló bà á jẹ́

Owó àfikún wákàtí kan ni ilé iṣẹ́ tó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ bù lé wa lórí. Wọ́n ní a pẹ́ ká tó padà sídìí bọ́ọ̀sì. Ohun tó sì mú wa pẹ́ ni akọ elephant seal kan tó na gbalaja sójú ọ̀nà, ẹran òkun ńlá tó máa ń gun etíkun wá, tó ṣeé ṣe kó wọ̀n tó tọ́ọ̀nù méjì. Òṣìṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà fi tẹ̀ lé wa fẹ́ ká rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Orúkọ wọn ò ṣe pàtàkì, irú wọn pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ tó bá fẹ́ kó ọmọ lọ síbẹ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní California mọ Año Nuevo, ọgbà ìjọba tó wà létíkun: etí òpópónà Highway 1, láàárín Santa Cruz àti Half Moon Bay. Láti December 15 sí March 31, kò sẹ́ni tó lè dá wọ ibi tí àwọn ẹran náà ń bímọ sí, àfi kó tẹ̀ lé afinimọ̀nà ọgbà ìjọba náà. Ìrìn ọ̀hún tó máìlì 3, ó ń gbà tó wákàtí méjì ààbọ̀, orí yanrìn sì ni èyí tó pọ̀ jù. Ohun tí ilé iṣẹ́ yìí ń tà fún ilé ìwé ni bọ́ọ̀sì, oúnjẹ ọ̀sán àti ìwé iṣẹ́ tí àwọn ọmọ máa kọ nǹkan sí. Bọ́ọ̀sì mọ́ tónítóní, awakọ̀ fara balẹ̀. Ìwé iṣẹ́ náà ò burú, àfi ibì kan tó bí mi nínú: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá máa ń lọ pẹja lójú òkun kó tó padà wá fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Sea lion, ẹran òkun mìíràn tó jọ ọ́, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Abo elephant seal kì í jẹ, kì í mu, títí tó fi máa já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú.

Ká padà sórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Afinimọ̀nà wa jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn. Bí wọ́n ṣe rí akọ yẹn ni wọ́n nawọ́ sókè, gbogbo wa dúró. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ wo aago. Ó ní, “Ìyá, àyè wà lọ́wọ́ òsì níbẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká yára kọjá.” Ìyá ní ẹsẹ̀ bàtà 25 lòfin wí kéèyàn fi jìnnà sí wọn, kó wá fi ibi tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ han àwọn. Kò rí i fi hàn. Wọ́n wá ṣàlàyé fáwọn ọmọ, láìgbé ohùn sókè, pé akọ kejì wà lẹ́yìn òkìtì yanrìn ọwọ́ òsì yẹn, pé tí èyí tó dùbúlẹ̀ bá ta gìrì, ó lè yára ju èèyàn lọ fún ìwọ̀nba ibi tó máa sá dé, àti pé kò ní wo ilẹ̀ kó tó tẹ ọmọ ẹran tó bá sùn sójú ọ̀nà rẹ̀ pa. Ọmọ ẹran tó bá sì ṣìnà kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ wọ àárín àwọn abo mìíràn, wọ́n á bù ú jẹ.

Òṣìṣẹ́ yẹn bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pe ọ́fíìsì. Gbogbo wa la gbọ́ ohùn ẹni tó dá a lóhùn: “Ṣé ẹran náà ò lè sún díẹ̀ ni?”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Mo ti múra láti bínú títí di alẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá yìí fi ìdúró yẹn ṣe tó owó tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo wa. Akọ kan ń dún ní ọ̀ọ́kán, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ọ̀kadà tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti já. Wọ́n ní káwọn ọmọ di ojú, kí wọ́n máa fi ọwọ́ lu itan bó ṣe ń dún. Bó ṣe ń yára àti bó ṣe ń dúró kì í yí padà, akọ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Èyí tí olóhùn ti nà rí á ti sá kó tó fojú kàn án. Ìdí nìyẹn tí ariwo fi pọ̀ ju ìjà ẹlẹ́jẹ̀ lọ létíkun yẹn.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ní káwọn ọmọ fi fóònù ka ìṣẹ́jú tó wà láàárín mímí kan sí èkejì fún ọmọ ẹran kan tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú, tó sùn síwájú wa. Ihò imú rẹ̀ pa dé pátápátá. Ó lé ní ìṣẹ́jú 5 kó tó ṣí i, kó tó fà á sínú gbùà. Ọmọbìnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé ó ti kú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe lórí ilẹ̀ nìyẹn. Lójú òkun, àgbà wọn á wà lábẹ́ omi fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, á wá sókè fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún rì. Atẹ́gùn tí wọ́n ń lò kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀fóró, inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara wọn ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Wọ́n tilẹ̀ máa ń mí síta kí wọ́n tó rì.

Ọmọ yẹn wọ̀n tó bíi kílò 34 nígbà tí wọ́n bí i. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó ti lé ní kílò 100, torí pé ọ̀rá inú wàrà ìyá rẹ̀ lè kọjá ìdajì. Akọ a máa gun ìyá ní ìwọ̀nba ọjọ́ tó kẹ́yìn, ìyá á sì bá tirẹ̀ lọ. Oyún tuntun náà kì í rọ̀ mọ́ ilé ọmọ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń dúró fún nǹkan bí oṣù 4, kí ìbí ọdún tó ń bọ̀ lè bọ́ sí àsìkò kan náà.

Ọmọkùnrin kan béèrè pé nígbà tí wọ́n ti pọ̀ báyìí, kí ni wọ́n tún ń ṣọ́ wọn fún. Ìbéèrè tó dáa. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé wọ́n ti lé ní 200,000. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọ̀rúndún 19, àwọn tó ń pa wọ́n nítorí òróró ti pa wọ́n débi pé ìwọ̀nba tó kù ní erékùṣù Guadalupe ní Mẹ́síkò ò tó 100. Mẹ́síkò ṣòfin láti dáàbò bò wọ́n ní 1922, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e. Ọdún 1955 ni wọ́n dé erékùṣù Año Nuevo, wọ́n bímọ níbẹ̀ ní 1961, ó sì di 1975 kí wọ́n tó bímọ sórí ilẹ̀ tí a dúró sí yìí. Ọmọ àwọn díẹ̀ yẹn ni gbogbo wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn fara jọra jù, àìsàn tó bá mú ọ̀kan lè rí ọ̀pọ̀ mú. Etíkun tó tẹ́ fún ìbímọ ò sì pọ̀: tí ìjì bá pàdé omi tó kún, ó máa ń gbá ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀ lọ. Kò sí èyíkéyìí nínú èyí nínú ìwé iṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà.

Akọ yẹn sún nígbà tó wù ú.

Nípa owó, ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ gbé fóònù sọ pé àdéhùn dárúkọ sún-kẹẹrẹ, òjò àti táyà tó fọ́ bí ohun tí wọn kì í tìtorí rẹ̀ gba àfikún, kò dárúkọ ẹranko. Máníjà wọn náà tún un sọ. Mo wá ka ìwé ìpolówó wọn sí i létí, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé “ẹ wá rí ẹran ńlá lójú kòròkòrò”. Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó yọ ìdajì. Ìdajì!

Fún ẹni tó ń múra: January ni ìbí pọ̀ jù, àárín February ni akọ ń gun abo jù, nígbà tó bá fi máa di ìparí March, àwọn ọmọ ẹran nìkan ló máa ń kù. Ẹ má mú agboòrùn dání, ó ń dẹ́rù ba àwọn ẹran náà. Kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù òjò, torí òjò kì í dá ìrìn dúró. Ẹ má mú oúnjẹ tàbí ajá wọlé, ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè rin máìlì 3, ẹ mú un lọ sí etíkun Piedras Blancas lẹ́bàá San Simeon, ibẹ̀ ò gba owó, ẹ̀gbẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ ó ti máa wò wọ́n.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Bẹ́ẹ̀ ni, 4, torí àwọn ọmọ ṣì ń fi ọwọ́ lu itan nínú kíláàsì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi wákàtí kan kún àkókò bọ́ọ̀sì láìgba kọ́bọ̀, kí wọ́n sì kọ ẹranko tó dí ọ̀nà sínú àdéhùn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.