Áàpù eré ìdárayá oníṣẹ́jú 7: ohun tí ojú mi rí nígbà kónílé-ó-gbélé

Èmi kì í ṣe eléré ìdárayá rárá. Gbogbo eré tí ara mi mọ̀ kò ju kí n máa sáré lé dánfó lọ, kí n sì gun afárá Òṣòdì láàárọ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá ti Èkó àti Àbújá pa ní aago 11 alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù kẹta, ọdún 2020, ìyẹn gan-an dópin. A jẹ búrẹ́dì, a sùn. A jí, a tún wá nǹkan jẹ. Ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í há mi ní ìbàdí.

Àbúrò mi obìnrin ló fi áàpù kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀fẹ́ ni o. Ìṣẹ́jú 7 péré ni. Ẹ má sọ pé ẹ ò ráyè o, torí kò síbi tí ẹ ń lọ.” Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Irú áàpù yìí kún Play Store. Orúkọ wọn yàtọ̀ síra, àmọ́ ibì kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀: àpilẹ̀kọ kan tí Brett Klika àti Chris Jordan kọ lọ́dún 2013 sínú ìwé àtìgbàdégbà American College of Sports Medicine. Eré 12 ni. Ẹ ó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ ó sinmi fún 10, ẹ ó bọ́ sí òmíràn. Kò sí irin tí ẹ ó gbé, kò sí ẹ̀rọ tí ẹ ó rà. Ara yín, ògiri àti àga kan ti tó. Bí wọ́n ṣe tò ó ni mo fẹ́ràn jù: bí ẹsẹ̀ bá ti jìyà tán, apá ló kàn, kí ẹsẹ̀ lè mí.

Èkejì nínú wọn, wall sit, ẹni tó bá lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà ti mọ̀ ọ́n: “angle 90” tí tíṣà fi ń jẹ wá níyà ni. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ tẹ orúnkún, ẹ wá jókòó sórí àga tí kò sí níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó ní kò le. Kó tó di ìlàjì, itan ti ń gbọ̀n, òógùn ti ń ro tótó sórí táìlì. Iná ò sí, oṣù kẹrin Èkó rèé. Obìnrin inú fóònù wá ní “Halfway” pẹ̀lú ohùn ẹni tó jókòó síwájú éàsì.

Fún triceps dip, níbi tí ẹ ti máa fi ọwọ́ méjèèjì ti àga lẹ́yìn, tí ìdí á máa lọ sísàlẹ̀, ẹ má lo àga rọ́bà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yà. Àga onígi tó fara ti ògiri ló dáa. Push-up náà, ara ògiri ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ti ṣe é, kó tó bọ́ sílẹ̀. Ẹ sì lọ sí settings, kí ẹ sọ ìsinmi di 30. Ìṣẹ́jú àáyá 10 kò tó láti mí.

Ìṣẹ́jú 7 náà kì í ṣe 7. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: 30 lọ́nà 12 jẹ́ 360, ìsinmi 10 lọ́nà 11 jẹ́ 110. Ó di 470, ìyẹn ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú àáyá 50. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni kò tó. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni pé kí àgbàlagbà ṣe eré tó le fún ìṣẹ́jú 75 sí 150 lọ́sẹ̀, tàbí èyí tí kò le púpọ̀ fún 150 sí 300. Ẹni tó ń ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan lójoojúmọ́ kò tíì dé 60. Àwọn tó kọ àpilẹ̀kọ náà fúnra wọn ní èèyàn lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta léra. Áàpù tèmi, bó bá ti parí ìkíní báyìí, á pàtẹ́wọ́, á ní ó dàárọ̀.

Ohun tó bí mi nínú gan-an nìyí. Màmá mi, tí kónílé-ó-gbélé ká mọ́ ọ̀dọ̀ mi, ní àwọn náà á bá mi ṣe é. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó wà nínú àpilẹ̀kọ 2013 yẹn pé wall sit, plank (kéèyàn fi ìgúnpá àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara dúró gbọnrangandan) àti side plank (irú kan náà, àmọ́ ní ẹ̀gbẹ́) kò yẹ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn, torí kéèyàn fún ara mọ́ lójú kan láì mira máa ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè. Áàpù ò sọ ìkankan. Tó bá ti kan àwọn mẹ́ta yẹn, Màmá á kàn máa rìn lójú kan, wọ́n á sì máa bú obìnrin inú fóònù náà.

Nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdánì wọlé ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, mo gbé e sí ẹ̀yìn ìṣínu, kí àmàlà tó wọlé. Ó ṣeé ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fo high knees, ìyẹn sísáré lójú kan pẹ̀lú orúnkún lókè, tó bó ṣe yẹ.

Ṣé mo fọn? Ikùn mi ṣì wà níbi tó wà. Ṣùgbọ́n mò ń gun àtẹ̀gùn ilé wa dókè láì dì mọ́ irin, mo sì ń ṣe push-up gidi nílẹ̀. Fún ohun tí mi ò fi kọ́bọ̀ rà, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń wá bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀, kó gbà á. Ẹ ṣá ti pa dátà kí ẹ tó tẹ Start, torí ìpolówó tẹ́tẹ́ máa ń yọ láàárín plank, ọwọ́ wo lẹ sì fẹ́ fi pa á?