Star Trek: The Next Generation: Apá Kìíní àbí Apá Kejì, èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ rà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra The Next Generation, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nípa àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú sánmà rìn láàárín ìràwọ̀, yóò bá ọ̀rọ̀ kan pàdé tó takókó díẹ̀: apá tí àwòrán rẹ̀ mọ́ jù kọ́ ni ìtàn rẹ̀ dùn jù. Apá Kìíní, ti 1987 sí 1988, ni wọ́n ṣe àtúnṣe àwòrán rẹ̀ fún Blu-ray (àwo tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti DVD lọ) tó gún régé. Apá Kejì, ti 1988 sí 1989, ni eré náà ti ń rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Bí owó bá tó méjèèjì, ẹ rà á, ó tán. Bí owó kò bá tó, ẹ ra Apá Kejì lórí Blu-ray, kí ẹ wá ibòmíràn wo ìpín mẹ́jọ péré nínú Apá Kìíní.

Star Trek àkọ́kọ́ ti kógbá sílé láti 1969. Nígbà tí Gene Roddenberry, ẹni tó dá a sílẹ̀, jí i dìde ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1987, ọkọ̀ tuntun ni, ọ̀gá tuntun, Jean-Luc Picard tí Patrick Stewart ṣe, àti òṣèré tuntun látòkèdélẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ Kunta Kinte nínú Roots, LeVar Burton, ni wọ́n fi ṣe Geordi La Forge, afọ́jú tó ń fi ẹ̀rọ tó dè mọ́jú ríran. Ìpín 26 ni Apá Kìíní, ìpín 22 ni Apá Kejì. Ìdí tí èkejì fi kéré ni pé àwọn òǹkọ̀wé eré ní Amẹ́ríkà daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹjọ 1988. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó ṣe Apá Kejì léṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin.

Ibi tí Apá Kìíní ti ń mẹ́hẹ

Roddenberry ní òfin kan: àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ máa bá ara wọn jà, ọmọ aráyé ti dàgbà kọjá bẹ́ẹ̀. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ eré mọ̀ pé bí gbogbo ènìyàn bá ti fohùn ṣọ̀kan nínú yàrá, ìtàn ti kú síbẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé kò dúró pẹ́, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, ó sì hàn nínú iṣẹ́. Ìtàn kejì tí wọ́n gbé sáfẹ́fẹ́, "The Naked Now", àwòkọ ìtàn 1966 ni: àìsàn kan mú kí gbogbo wọn máa ṣe bí ọ̀mùtí. A kò tí ì mọ ìwà wọn nígbà tójú wọn dá, wọ́n ti ń fi ìmutípara wọn hàn wá.

Èyí tó burú jù ni "Code of Honor", ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 1987. Ọkọ̀ Enterprise lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ayé kan tí wọ́n ń pè ní Ligon II. Gbogbo ará ibẹ̀ ló jẹ́ adúláwọ̀, aṣọ wọn ń dán, wọ́n ń fi ìlù pàdé àlejò. Olórí wọn, Lutan, wá jí Tasha Yar gbé, obìnrin aláwọ̀ funfun tó jẹ́ olórí aláàbò ọkọ̀, ó lóun fẹ́ fi ṣaya. Àfi kí Yar bá ìyàwó ilé jà dójú ikú, pẹ̀lú ohun ìjà ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi májèlé ra. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olùdarí eré náà kó tó parí, Les Landau ló bá wọn parí rẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé inú ọkọ̀ kan náà ni Burton wà, tí Michael Dorn, adúláwọ̀ bíi tirẹ̀, náà sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Worf, jagunjagun inú ọkọ̀. Bí ọmọdé bá wà nílé, ẹ fo ìpín yìí. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ ṣàlàyé.

Àwọn mẹ́jọ tí ẹ lè wò: "Encounter at Farpoint" nítorí pé òun ló ṣí ìlẹ̀kùn, "Where No One Has Gone Before", "The Big Goodbye" tó gba àmì ẹ̀yẹ Peabody, "Datalore", "11001001", "Heart of Glory" nítorí Worf, "Skin of Evil" níbi tí Yar ti kú, àti "Conspiracy". Conspiracy yìí kì í ṣe fún ọmọdé: orí ènìyàn kan tú ká lójú gbangba.

Ẹ̀bùn kékeré kan wà fún olójú lílà. "Symbiosis" ṣáájú "Skin of Evil" lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n yà á, ìyẹn ni pé òun ni Denise Crosby, tó ṣe Yar, ṣe kẹ́yìn kó tó lọ. Ní ìparí ìpín náà, nígbà tí Picard àti dókítà ọkọ̀ ń jáde kúrò ní yàrá ẹrù, ẹ wo ẹ̀yìn wọn: ó ń juwọ́ pé ó dìgbóṣe kí ilẹ̀kùn tó pa dé.

Ohun tí Apá Kejì ní tí èkíní kò ní

Whoopi Goldberg ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, ó ń ṣe Guinan, obìnrin onífìlà ńlá tó ń bójú tó ilé ọtí inú ọkọ̀. La Forge di olórí àwọn ẹnjiníà, Riker, igbákejì Picard, dá irùngbọ̀n sí. Wọ́n yọ Gates McFadden tó ń ṣe dókítà, wọ́n fi Diana Muldaur rọ́pò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Dókítà Pulaski, McFadden kò sì padà títí di Apá Kẹta. Ọ̀pọ̀ kò fẹ́ràn Pulaski. Ní tiwa, ó wúlò, nítorí òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Nínú "The Child" ó pe orúkọ Data ní ìpèkúpè. (Data ni róbọ́ọ̀tì inú ọkọ̀, kì í ṣe dátà tí ẹ ń rà sórí fóònù.) Data tún un ṣe. Pulaski béèrè pé kí ni ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Data fèsì jẹ́jẹ́ pé ọ̀kan ni orúkọ òun, èkejì kọ́. Ọmọ Yorùbá tó bá ti jókòó ní kíláàsì ní London tàbí Houston kí tíṣà tó pe orúkọ rẹ̀ yóò mọ adùn ìdáhùn yẹn.

Ìtàn "The Child" fúnra rẹ̀ kò lágbára. Eré Star Trek kan tí wọ́n pèsè ní àárín ọdún 1970 sí 1979, tí kò dé orí tẹlifíṣọ̀n rárá, ni wọ́n ti lọ fa ìwé rẹ̀ yọ nígbà ìyanṣẹ́lódì. "Up the Long Ladder" sì sọ àwọn ará Ireland di ẹlẹ́yà. Apá Kejì náà ní èérí tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ní "The Measure of a Man", tí Melinda Snodgrass kọ, tó jáde ní oṣù Kejì 1989. Ọ̀gágun kan, Maddox, fẹ́ tú Data palẹ̀ kó lè ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀. Data kọ̀. Maddox ní ẹ̀rọ kò lẹ́nu láti kọ̀, dúkìá ìjọba ni. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, wọ́n sì fi dandan mú Riker, ọ̀rẹ́ Data, pé kó ṣe agbẹjọ́rò alátakò. Riker yọ apá Data kúrò lójú gbogbo ènìyàn, ó tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́yìn rẹ̀, Data doríkodò sórí tábìlì bí ọmọláńgidi. Wọ́n gba ìsinmi. Picard lọ bá Guinan ní ilé ọtí, ìyẹn kò sì pariwo: ó kàn rán an létí pé gbogbo ayé ló ti ní irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò fẹ́ ṣe, ọ̀pọ̀ yanturu wọn, tí ẹnikẹ́ni kì í ro tiwọn. Picard ló wá pe ọ̀rọ̀ náà lórúkọ: oko ẹrú. Pé ẹnu Whoopi Goldberg, obìnrin adúláwọ̀, ni ọ̀rọ̀ ti jáde ló jẹ́ kó wọni lára. Ìpín yìí nìkan tó owó páálí náà.

Ẹ fi "A Matter of Honor", "Elementary, Dear Data" àti "Q Who" kún un. Q Who ni àwọn Borg ti kọ́kọ́ yọjú, ọ̀tá tí kì í dúnàá-dúrà.

DVD àbí Blu-ray

Orí fíìmù 35mm ni wọ́n ya eré náà, ṣùgbọ́n orí téèpù fídíò ni wọ́n ti gé e tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Téèpù yẹn ni DVD ti 2002 gbé jáde: ìlà 480, ìràwọ̀ ń ṣe bàìbàì, pupa ń ṣàn kọjá ààlà aṣọ. Fún Blu-ray, ní 2012, wọ́n padà sídìí fíìmù gan-an, wọ́n yà á sórí kọ̀ǹpútà lákọ̀tun, wọ́n tún un gé ní ìlànà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì tún ọkọ̀ ojú sánmà àti iná ìbọn tò pọ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ ó rí ojú rírán aṣọ wọn àti àtíkè ojú Data.

CBS Digital ló ṣe Apá Kìíní. Ilé iṣẹ́ mìíràn, HTV-Illuminate, ni wọ́n gbé Apá Kejì fún, iṣẹ́ náà kò sì dọ́gba: àwọ̀ ń yí láàárín ìpín sí ìpín, ibì kan ń mú, ibì kan ń rọ̀. Síbẹ̀ ó fi DVD sílẹ̀ lọ́nà jíjìn. Páálí Apá Kejì lórí Blu-ray tún ní "The Measure of a Man" tó gùn, nǹkan bí ìṣẹ́jú 57. DVD kò ní i.

Àbùkù Apá Kìíní lórí Blu-ray wà nínú ohùn. Nínú àwọn páálí àkọ́kọ́, ohùn 7.1, ti ẹni tó ní sípíkà mẹ́jọ, gba ẹnu sípíkà tí kì í ṣe tirẹ̀ ní àwọn ìpín kan, wọ́n sì ní láti pààrọ̀ àwo fún àwọn tó ti rà. Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú rẹ̀ lẹ bá pàdé. Ẹni tó ń lo sípíkà méjì tẹlifíṣọ̀n kò ní wàhálà: ẹ wọ ibi ètò ohùn, kí ẹ yan sítẹ́rió.

Méjèèjì ni àwòrán rẹ̀ jẹ́ 4:3, ìrísí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, òkùnkùn yóò wà lápá ọ̀tún àti òsì. Tẹlifíṣọ̀n yín kò bàjẹ́. Bí ẹ bá tẹ zoom, orí Picard ni ẹ ó gé.

Kí owó tó jáde lápò

Nàìjíríà wà ní ẹkùn 5 fún DVD, Amẹ́ríkà ní 1, Britain ní 2. DVD tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà lè má ṣí lórí ẹ̀rọ tí ẹ rà nílé. Ní ti Blu-ray, B ni tiwa pẹ̀lú Yúróòpù, A ni Amẹ́ríkà àti Brazil. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí: bí A, B àti C bá wà níbẹ̀ pọ̀, ẹ rà á. Bí ẹ bá fẹ́ gba ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ọn láti Amẹ́ríkà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ 120V nìkan, iná ilé wa yóò sun ún lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Fún tòkunbọ̀, ẹ ka àwo: Blu-ray Apá Kìíní jẹ́ 6, Apá Kejì jẹ́ 5. Ẹ gbé ojú tó ń dán síwájú iná. Lórí DVD, ìkọsílẹ̀ wà ní ìdajì mílímítà àti díẹ̀ sísàlẹ̀. Lórí Blu-ray, 0.1 péré ni. Ìdí nìyẹn tí ilà jínjìn kan fi lè pa ìpín odindi lórí Blu-ray. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín síta, ẹ má ṣe nù ún yíká. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọṣẹ ìfọyín kàn án o.

Ẹni tó ní òun yóò wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó ṣírò: wákàtí 16 àti ààbọ̀ ni Apá Kejì. Àwòrán HD máa ń jẹ tó gígábáìtì 3 ní wákàtí kan, àádọ́ta gígábáìtì nìyẹn. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra dátà sọ́dọ̀ iye páálí, kí ẹ rántí pé eré máa ń kúrò lórí àwọn ìkànnì wọ̀nyẹn láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìpín tó gbẹ̀yìn páálí Apá Kejì ni "Shades of Gray". Owó àti àkókò ti tán, wọ́n bá fi Riker sórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, ó ń lálàá àwọn ìran tí a ti wò tẹ́lẹ̀. Ẹ yọ àwo kó tó dé ibẹ̀.