Krita lẹ́nu iṣẹ́: bí mo ṣe fi ya àwọn ẹ̀dá-ìtàn kómíìkì mi

Kí n má fọ̀rọ̀ gùn: tó bá jẹ́ kómíìkì oṣó, ìwin àti ẹranko abàmì lẹ fẹ́ yà, tí ẹ sì ṣì ń wá bí àwọn tó wà nínú rẹ̀ yóò ṣe rí, Krita tó yín lò. Mo ti fi ya odidi agbo ẹ̀dá-ìtàn kan, láti orí ìlà játijàti títí dé ojú ewé tí wọ́n ń gbé. Kì í ṣe torí pé ọ̀fẹ́ ni mo ṣe ń yìn ín o. Ohun tó mú mi dúró sídìí rẹ̀ ni pé ó máa ń jẹ́ kí n tètè mọ̀ bí ẹ̀dá kan kò bá ní í lè gbé ìtàn, kí n tó fi oorun mi ṣòfò lé e lórí.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà ni. Àwọn ará KDE, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1999, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbájú mọ́ ayàwòrán nígbà yẹn. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó pinnu pé ẹni tó ń fọwọ́ yàwòrán gan-an làwọn ń ṣe é fún, ìpinnu náà sì hàn lára rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti macOS, ó sì wà fún tábúlẹ́ẹ̀tì Android. Ọ̀fẹ́ ni ní krita.org. Ẹni tó bá rà á lórí Steam tàbí Microsoft Store, ó fi owó ti àwọn tó ń ṣe é lẹ́yìn ni, ètò kan náà ló gbà. Kò sí owó oṣooṣù. Ìyẹn ṣe pàtàkì sí mi, nítorí ètò mìíràn tí mo lò tẹ́lẹ̀, tí n kò ní dárúkọ, ti àwòrán mi mọ́lé lọ́jọ́ tí owó oṣù rẹ̀ tán.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sídìí iṣẹ́. Ohun tó le jù nínú kómíìkì kì í ṣe kí ẹ̀dá kan rẹwà lẹ́ẹ̀kan. Kó ṣeé yà léraléra ni. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: bí ẹnì kan bá hàn nínú àpótí mẹ́rin lójú ewé kọ̀ọ̀kan, tí ìwé náà sì ní ojú ewé 24, ẹ ó yà á nígbà 96 nínú ìwé kan ṣoṣo. Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ bá so mọ́ ọn lọ́rùn, ẹ ó tún un so nígbà 96.

Obìnrin kan wà nínú ìtàn mi tó ń ṣọ́ afárá orí ọ̀gbun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ yà á, mo da ìyẹ́ bò ó léjìká, mo fi ẹ̀wọ̀n sí i lọ́rùn, mo fún un ní bẹ́líìtì méjì, asà tí wọ́n fín àmì sí lára, àti ìwo méjì lórí. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Mo wá kó gbogbo ìpele tí mo yà á sí (ìpele dà bí dígí tí a tò léra, tí a ya nǹkan sí lọ́kọ̀ọ̀kan) sínú ẹgbẹ́ kan, mo gbé ìpele tuntun lé wọn lórí nínú ẹgbẹ́ náà, mo da dúdú kún un, mo sì tẹ àmì álífà kékeré (Inherit Alpha) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni dúdú yẹn fà mọ́ ara obìnrin náà nìkan. Òjìji tó kù sílẹ̀ rí rọ́bọ́tọ́, kò lórí kò nídìí. Ìyẹ́ ò hàn, ẹ̀wọ̀n ò hàn, asà ti wọ inú aṣọ lọ. Gbogbo ohun tí mo fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, kò sí èyí tó sọ irú ẹni tó jẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ìyẹ́ lọ, ẹ̀wọ̀n lọ, bẹ́líìtì kan tẹ̀ lé wọn. Mo ṣẹ́ ìwo òsì rẹ̀ sí ìdajì, mo fa ọrùn rẹ̀ gùn, mo sì gbé ọ̀pá kan lé e lọ́wọ́ tó ga jù ú lọ, tí orí rẹ̀ tẹ̀. Dúdú yẹn ṣì wà lókè ní gbogbo àkókò yìí; abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń yà, òjìji náà sì ń yí padà bí ọwọ́ mi ṣe ń lọ. Fèrèsé kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Overview, òun ló ń fi odidi àwòrán hàn mí níwọ̀n àtàǹpàkò, bí yóò ṣe rí nínú àpótí tí ẹni náà ti dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ìgbà tí mo dá a mọ̀ níbẹ̀ láìrí ojú láìrí imú ni mo tó kúrò lórí rẹ̀. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kankan nínú èyí, àwọn tó ń fi yíǹkì ya òjìji ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n pé mo lè tan dúdú náà kí n sì pa á nígbàkigbà ló mú kí n máa ṣe é fún gbogbo ẹ̀dá, títí kan ẹṣin.

Bọ́tìnì M ni mo tún máa ń tẹ̀ léraléra. Ẹ tẹ̀ ẹ́, àwòrán á yí sódì lójú yín bí ẹni tó wà nínú dígí, bẹ́ẹ̀ kò sóhun tó yí padà nínú fáìlì. Ojú tó bá ti mọ àwòrán kan lára kì í rí àléébù rẹ̀ mọ́. Mo yí aṣọ́fárá mi sódì, ni mo bá rí i pé ẹyinjú rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ, àgbọ̀n rẹ̀ sì ti ya sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti tún irú rẹ̀ ṣe, Ctrl+T, kí ẹ yan Liquify, kí ẹ wá máa ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé, kí ẹ máa fa etí jáde bí ẹni ń mọ amọ̀. Orí oṣó mi, ẹ̀dà mélòó kan ni mo ṣe látara ojú kan ṣoṣo lọ́nà yìí, ọ̀kan rí bí arúgbó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọ̀kan rí bí ẹni tó máa ta ọmọ rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo mú.

Fún ewé tí ẹ ó ti ya ẹ̀dá níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn, ẹ fa ìlà ìtọ́sọ́nà wá láti ara rúlà: ọ̀kan ní àtàrí, ọ̀kan ní ojú, àgbọ̀n, èjìká, ìbàdí, orúnkún. Kó gbogbo agbo ẹ̀dá jọ lórí ìlà kan náà tún dára, kí gíga wọn má máa yí padà láti ojú ewé dé ojú ewé. Ètò náà lè máa ya apá òsì fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ya ọ̀tún. Ó yára, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún un. Ẹ̀dá tí apá méjèèjì rẹ̀ dọ́gba délẹ̀ máa ń gan bí ère. Egungun ara nìkan ni mo máa ń fi yà, mo sì máa ń pa á kí n tó débi aṣọ àti irun.

Irinṣẹ́ Reference Images ń jẹ́ kí ẹ lẹ fọ́tò mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán, á wà nínú fáìlì .kra, ìyẹn fáìlì Krita fúnra rẹ̀, kò sì ní í bá àwòrán jáde bí ẹ bá sọ ọ́ di PNG. Ìwo àgbò, ìpẹ́ ọ̀nì àti apá àdán ni mo lẹ̀ mọ́ ti dírágónì mi. Ohun abàmì tí kò ní nǹkan gidi kan lára, ojú kì í gbà á gbọ́.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Ẹ dá Filter Layer kan sílẹ̀, ẹ yan Desaturate, ẹ gbé e lé gbogbo ìpele yòókù lórí: gbogbo àwọ̀ á di eérú títí ẹ ó fi pa á. Aṣọ oṣó mi pupa fòò, ti aṣọ́fárá jẹ́ àwọ̀ ewé. Lójú lásán wọ́n jìnnà síra. Nínú eérú, ọ̀kan náà ni wọ́n, bí wọ́n bá sì dúró papọ̀ lóru, ẹnikẹ́ni ò ní í mọ ibi tí aṣọ ẹnì kan parí sí. Mo mú ti obìnrin náà ṣókùnkùn sí i, ọ̀rọ̀ tán. Bí mo bá fẹ́ dán oríṣiríṣi aṣọ wò, Colorize Mask ni mo ń lò. Ẹ kán àwọ̀ díẹ̀ sáàárín ìlà, ẹ ní kó kún un, á sì kún débi ìlà, kódà bí ìlà náà bá ní àlàfo díẹ̀. Lórí àwòrán ńlá, ó máa ń falẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì tó bá a wá lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ yan márùn-ún, kí ẹ gbàgbé ìyókù. Mo mọ àwọn tó ń kó búrọ́ọ̀ṣì jọ láìya nǹkan kan.

Ibi tó kù sí: kò sí ti iPad rárá, ti Android náà sì nílò ojú tó fẹ̀, kì í ṣe fóònù. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá, ètò mìíràn ni mo ń gbé ojú ewé lọ. Ibi ìyàwòrán ni agbára Krita wà, kì í ṣe ibi lẹ́tà. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ ìwé náà jáde, ẹ máa tẹ Ctrl+Y látìgbàdégbà, á fi hàn yín bí yíǹkì ṣe máa gbé àwọ̀ náà. Iná òògùn aláwọ̀ ewé tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà, ṣíṣá ló máa ṣá lórí bébà, ó sì sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tí oṣó ṣì wà lórí ewé ìdánwò.

Ohun tó tún kù ni pé ó ń jẹ RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. Ewé A4 ní 300 dpi (iye píkísẹ̀lì nínú íǹṣì kan) jẹ́ píkísẹ̀lì 2480 sí 3508. Ìpele kan tí àwọ̀ kún dẹ́nu á gba nǹkan bí 35 MB, ọgbọ̀n irú rẹ̀ sì ti ń lọ sí 1 GB, ká má tíì ka ohun tó ń fi pamọ́ kí ẹ lè máa dá iṣẹ́ padà sẹ́yìn. Bí kọ̀ǹpútà yín ò bá lágbára, ẹ máa dán òjìji wò lórí ewé kékeré, bíi píkísẹ̀lì 1200, kí ó jẹ́ pé èyí tó bá yege nìkan lẹ ó gbé lọ sórí A4.