Síkéèlì onígíláàsì tí mo rà ní Ẹ̀pẹ́: oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń gorí ẹ̀

Ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo. Ẹni tó bá ń fi kílò ta ẹja àrọ̀ kì í déédé gba síkéèlì gbọ́, nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo gbé eléyìí délé, mo kọ́kọ́ dán an wò. Mo gorí ẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ó ní 86.2. Mo gbé àpò ìrẹsì kílò 10 tí a ò tíì tú dání, mo tún gun un, ó ní 96.3. Ọkàn mi balẹ̀. ₦15,500 ni mo rà á.

Ọmọ ọdún 57 ni mí. Nígbà tí mo wà lẹ́ni ogójì ọdún, mi ò kọjá kílò 70. Àtìgbà tí nǹkan oṣù mi ti dúró ni ikùn ti ń yọ, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ mi ò lé. Nọ́ọ̀sì tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò ló fara balẹ̀ là á yé mi. Ó ní, "Màmá, kì í ṣe pé ẹ̀ ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ara yín ni ò lo oúnjẹ tó bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó ní téèyàn bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún, iṣan tó ń gbé wa ró á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ó lè tó ìdá 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún 10, á sì tún yá sí i lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Iṣan yìí ló sì ń lo oúnjẹ. Bó ṣe ń dín kù ni òkèlè tí kò ṣe wá ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ń di ọ̀rá. Obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dúró, ikùn ni ọ̀rá ọ̀hún ń lọ jókòó sí.

Oṣù àkọ́kọ́, síkéèlì yìí ṣì mí lọ́nà, nítorí mi ò tíì mọ ohun tó ń sọ. Mo ra tíì kan tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé, mo sì ń febi pa ara mi. Ní ọ̀sẹ̀ kan, kílò 3 ti lọ! Mo dúpẹ́ títí. Lọ́jọ́ Sátidé, báàfù ẹja tí mo máa ń dá gbé, mi ò lè gbé e dé ìsọ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, orúnkún mi ń yẹ̀, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lágbedeméjì ọ̀nà. Ìgbẹ́ gbuuru tí tíì yẹn ń fà ló gbé omi ara mi lọ. Omi lítà 1, kílò 1 ni. Ọjọ́ kẹrin tí mo dá a dúró, kílò 2 àti ààbọ̀ ti padà. Nọ́ọ̀sì bá mi wí gan-an: ààbọ̀ kílò lọ́sẹ̀ ti tó, kí n má sì jẹ́ kí iṣan bá ọ̀rá lọ.

Mo wá yí ọwọ́ padà. Ẹ̀bà mi di ìkúùkù kan dípò méjì, ẹja wá tóbi sí i, ọ̀bọ̀kún tàbí epìyà tí mo sè, kì í ṣe díndín. Ẹ̀wà láàárọ̀. Mo ń rin etí ọ̀sà ní Máríínà Ẹ̀pẹ́ fún ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ 5 láàárín ọ̀sẹ̀, kó lè pé ìṣẹ́jú 150 tí wọ́n ní ká máa ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì ń dìde lórí àga nígbà 10 láìfọwọ́ ti nǹkan kan.

Síkéèlì tún wá dúró sórí 82 fún odidi oṣù méjì. Ọpẹ́lọpẹ́ tépù télọ̀ àdúgbò wa ni mi ò fi sọ̀rètí nù, torí ìbàdí mi ń dín. Ó ti kúrò ní sẹ̀ntímítà 104, ó ti di 95. Fún obìnrin, tó bá ti kọjá 88, ewu àtọ̀gbẹ àti àìsàn ọkàn pọ̀ gan-an, nítorí náà iṣẹ́ ṣì kù. Kílò mi báyìí jẹ́ 80.4.

Àárọ̀ Sunday nìkan ni mo ń gun un, lẹ́yìn tí mo bá tọ̀, kí n tó mu omi, lórí táìlì lásán. Lórí rọ́ọ̀gì, ó ní 84.6, mo sọ̀, mo tún gun un, ó ní 82.9. Ẹ má sì fọwọ́ kan ògiri, á dín in kù.

Àléébù ẹ̀ wà o. Kí n tó tẹrí ba wo iye tó gbé jáde, iná ẹ̀ ti kú. Àgbàlagbà tó ń lo awò ojú ò lè bá a sáré, ọmọ mi ló ń bá mi kà á. Gíláàsì náà ń yọ̀ bí ẹsẹ̀ bá tutù, ẹni tó lọ́jọ́ lórí ò gbọdọ̀ gun un láti balùwẹ̀. Iye ọ̀rá tó tún ń kọ, mi ò gbà á gbọ́ rárá: àárọ̀, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, 34. Iná mọ̀nàmọ́ná díẹ̀ ló ń rán gba àtẹ́lẹsẹ̀ láti fi ṣírò ẹ̀, omi tó wà lára sì ń yí i padà. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń darí ìlù ọkàn sí láyà ò gbọdọ̀ lo irú síkéèlì yìí.

Síbẹ̀, mo fún un ní ìràwọ̀ 4 nínú 5, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Gbogbo èèyàn ń kí wọn pé wọ́n ti fọn, wọ́n ti padà di ọ̀dọ́. Nígbà tí wọ́n wá kí mi, mo ní kí wọ́n gorí ẹ̀: 71. Ní oṣù méje ṣáájú, 76 ni wọ́n kọ sínú káàdì ilé ìwòsàn wọn. Wọn ò gbààwẹ̀, wọn ò sì dín oúnjẹ kù. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé bí àgbàlagbà bá dín ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù 6 sí 12 láìmọ̀ọ́mọ̀, kí ó rí dókítà. Ìdá 5 yẹn lára 76 kò tó kílò 4, bẹ́ẹ̀ kílò 5 ni tiwọn fi dín. Àyà mi já. Lọ́jọ́ kejì, mo mú wọn lọ, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò: àtọ̀gbẹ ni.

Wọ́n ti wà lórí oògùn báyìí, wọ́n sì ti ra síkéèlì tiwọn. Láràárọ̀ Sunday ni wọ́n ń pè mí: "Àbúrò mi, 72 àti ààbọ̀." Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé kan náà, nísàlẹ̀ tèmi.